Ẹ Bi Wá, A Ó Dá Yín Lóhùn: Aago Tòkunbọ̀ Tàbí Aago Inú Páálí?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Aláró ni mí ní Òṣogbo níbí, mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí mo ti ń ta àdìrẹ ní ọ̀nà tó lọ sí Igbó Ọ̀ṣun. Nígbà tí mo lọ ṣe àyẹ̀wò ara ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru díẹ̀, wọ́n sì ní kí n máa rìn dáadáa lójoojúmọ́. Ọmọ mi ọkùnrin wá ní kí n ra smartwatch tí yóò máa ka ìṣísẹ̀ mi, tí yóò máa wo bí ọkàn mi ṣe ń lù, tí yóò sì máa sọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ mi dé. Ohun tí èmi fúnra mi tún fẹ́ ni kí n lè mọ ẹni tó ń pè mí nígbà tí ọwọ́ mi bá wà nínú aró, nítorí pé oníbàárà tó bá pè lẹ́ẹ̀mejì tí n kò gbé e ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn nìyẹn. Samsung Galaxy A15 ni fóònù tí mò ń lò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta fóònù ní Oríta Ọláìyá ní Galaxy Watch4 tòkunbọ̀ lọ́wọ́, ₦90,000 ló ń pè é. Ó tún ní Galaxy Watch7 tuntun nínú páálí, ₦330,000 ni ó pe ìyẹn. Ó ní kò sí ohun tí èyí ń ṣe tí ìyẹn kò lè ṣe; ọmọ mi ní irọ́ ni, kí n ra tuntun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó èsúsú, owó náà wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ọdún Ọ̀ṣun ti ń kanlẹ̀kùn, aṣọ kò sì tíì pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Èwo ni kí n ṣe?
Aláró, Òṣogbo

Màmá wa, ẹ kú iṣẹ́ aró, ẹ ó tà á jèrè o. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru kúrò lára ọ̀rọ̀ aago, nítorí pé òun ló lè mú kí ẹ ná owó síbi tí kò yẹ. Lóòótọ́ ni Samsung ní ètò kan tí a fi ń wo ẹ̀jẹ̀ lórí aago méjèèjì tí ẹ dárúkọ, ṣùgbọ́n aago náà kò lè dá a ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ lo ètò yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ẹ̀rọ tí a ń wé mọ́ apá, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń lò, kí ó fi wọn ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó sì tẹ èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé, kí aago tó mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Bí ọjọ́ 28 bá sì pé, yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n ṣí ètò náà sílẹ̀ fún, kì í sì í ṣiṣẹ́ bí kò bá jẹ́ fóònù Samsung ni ènìyàn ń lò. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ apá kò lè fi aago wo ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá sì ti ní ẹ̀rọ apá, kí ló tún fẹ́ fi aago wò? Nítorí náà, ẹ ra ẹ̀rọ apá kí ẹ tó ra aago kankan, ẹ máa kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹ sì máa mú ìwé náà dání bí ẹ bá ń lọ rí dókítà. Bí a bá ti yọ ìyẹn kúrò, ohun mẹ́ta péré ló kù tí ẹ fẹ́ kí aago ṣe: kí ó ka ìṣísẹ̀, kí ó wo lílù ọkàn, kí ó sì fi orúkọ ẹni tó ń pè hàn yín.

Lórí ohun mẹ́ta yìí, ọlọ́jà yín kò parọ́. Oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni Watch4 jáde, ó sì ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iná aláwọ̀ ewé kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń tàn sí awọ ara, tí aago sì ń fi bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń padà wá ka bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú iṣan kọjá. Ọ̀nà kan náà ni Watch7, tó jáde ní oṣù Keje ọdún 2024, ń gbà ṣe é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti tún àwọn iná ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe. Ohun tí tuntun fi ju ogbó lọ ni pé ó yára sí i, àyè ìpamọ́ rẹ̀ jẹ́ 32GB níbi tí ti ogbó jẹ́ 16GB, gíláàsì ojú rẹ̀ jẹ́ sàfáyà tí kò tètè ń ní ìlà, GPS rẹ̀, ìyẹn ohun tó fi ń mọ ibi tí ènìyàn wà, sì ń gba àmì lórí ìgbì méjì kí ó má baà ṣìnà láàárín àwọn ilé gíga. Láti Òkè-Fíà títí dé Ọjà Ọba, n kò rí ilé tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi da GPS aago láàmú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan há a. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá wà nínú páálí tuntun ni inú rẹ̀ tuntun. Ní ọdún 2024 yẹn kan náà, Samsung gbé aago kan jáde tí wọ́n ń pè ní Galaxy Watch FE, èyí tí owó rẹ̀ kò tó ti Watch7. Ẹ̀rọ ìṣirò tó wà nínú rẹ̀, Exynos W920, ni ó wà nínú Watch4 láti ọdún 2021, bátìrì rẹ̀ tó jẹ́ 247mAh sì ni ti Watch4 kékeré gẹ́lẹ́. Bí ọlọ́jà bá wá fi ìyẹn lọ̀ yín gẹ́gẹ́ bí èyí tó wà láàárín méjèèjì, ẹ mọ̀ pé bátìrì tí kò tíì dàgbà, gíláàsì tó le àti wáráńtì ni ẹ ń san owó lé lórí, nítorí pé iṣẹ́ tó ń ṣe kò ju ti Watch4 lọ.

Ibi tí ọmọ yín ti jàre ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, ohun tó sì wà lẹ́yìn ẹfà níbẹ̀ ju eéje lọ. Ọjọ́ orí méjì ni aago ní. Àkọ́kọ́ ni ti bátìrì. Bátìrì fóònù A15 yín jẹ́ 5,000mAh. Ti Watch4 tó tóbi jùlọ jẹ́ 361mAh, èyí tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́tàlá ti fóònù. Nítorí pé ó kéré báyìí, ojoojúmọ́ ni ènìyàn ń fi sí iná, bátìrì irú èyí kò sì ń gbó nípa ọdún nìkan, iye ìgbà tí a bá mú un gbẹ tí a sì tún un kún ni ó ń jẹ ẹ́ ní inú, pẹ̀lú ooru. Ilé-iṣẹ́ Apple sọ nípa àwọn aago tiwọn pé wọ́n ṣe bátìrì náà kí ó lè ṣì mú tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà 1,000 tí a bá ti mú un gbẹ tí a tún un kún. Ìgbà ẹgbẹ̀rún kan kò ju bí ọdún mẹ́ta dín díẹ̀ lọ fún ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́. Kò sì sí ìdí láti rò pé bátìrì Samsung yóò ṣe ohun tó yàtọ̀ gedegbe sí èyí. Aago tí ẹnìkan ti lò láti 2021 ní òkè òkun, tí ó tún jókòó nínú àpótí gíláàsì ní ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí oòrùn ti ń ràn án, ti ná púpọ̀ nínú ayé rẹ̀ kí ẹ tó fi ọwọ́ kàn án.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Mo ra aago tòkunbọ̀ kan lọ́wọ́ ẹnìkan tí n kò ní dárúkọ. Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ìyàwó, kò sí àpá kankan lára rẹ̀, mo sì rò pé mo ti rí ọ̀pọ̀ rà. Ọjọ́ kẹta ni mo tó mọ̀ pé bí mo bá yọ ọ́ nínú iná ní aago mẹ́fà àárọ̀, ó ti kú sí mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì. Nígbà tí mo gbé e lọ fún àtúnṣe, wọ́n tú u, wọ́n fi bátìrì mìíràn sí i, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn ló wọ inú rẹ̀ tó sì parí rẹ̀. Aago kì í ṣe fóònù tí a lè tú ká tún tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà: ohun tó ń dí omi lọ́nà ni gọ́ọ̀mù tí ilé-iṣẹ́ fi dì í, ọjọ́ tí a bá sì ti ṣí i ni ìdánilójú yẹn ti tán.

Ọjọ́ orí kejì ni ti ìtọ́jú tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe fún aago láti ọ̀nà jíjìn, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní àpúdéètì. Samsung ṣe ìlérí àpúdéètì títí di ọdún mẹ́rin fún Watch4, ọdún mẹ́rin yẹn sì pé ní 2025. Kò túmọ̀ sí pé aago náà yóò kú lọ́jọ́ kejì. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé láti ìsinsìnyí lọ, ohunkóhun tí ẹ bá rí gbà jẹ́ ẹ̀bùn, kì í ṣe gbèsè, àti pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí áàpù orí fóònù yóò ní òun kò mọ aago yìí mọ́. Ẹ wo àwọn tó ṣáájú rẹ̀, Galaxy Watch Active2 ti 2019 àti Galaxy Watch3 ti 2020. Sọ́fítíwíà Tizen ni àwọn ń lò. Nígbà tí Samsung pa á tì tí wọ́n sì kó lọ sí Wear OS ti Google láti orí Watch4, wọ́n ti ìsọ̀ áàpù àwọn aago àtijọ́ yẹn pa díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi tì í pátápátá ní 2025. Irin wọn kò bàjẹ́, ojú wọn ṣì ń tàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rà á lónìí kò ní rí ibi tí yóò ti gba nǹkan tuntun sí i. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi aago Samsung tó dínwó ju Watch4 lọ lọ̀ yín ní Oríta Ọláìyá, ẹ béèrè bóyá Tizen ni. Bí ó bá jẹ́ òun, ẹ kú ìrìn, ẹ máa lọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ ọlọ́jà ka owó. Lójú, ₦330,000 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ₦90,000. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ó jẹ gbogbo ayé aago náà; ìyókù ni ẹ ń rà. Bí a bá fojú inú wò ó pé Watch4 yẹn yóò sìn yín fún oṣù méjìdínlógún kí bátìrì rẹ̀ tó di ìyọnu, ₦5,000 ni yóò máa ná yín lóṣooṣù. Bí Watch7 bá sìn yín fún ọdún mẹ́rin, èyí tí í ṣe oṣù 48, ₦6,875 ni tirẹ̀. Ìlọ́po mẹ́rin ti di ìyàtọ̀ tí kò tó ₦2,000 lóṣù. Ẹni tó bá ní owó tó dùbúlẹ̀, tí kò ní iṣẹ́ kankan tí yóò fi ṣe, tuntun ni kí ó rà láìro ó lẹ́ẹ̀mejì, mo sì lérò pé ibi tí ọmọ yín ti ń wò ó nìyí. Ṣùgbọ́n owó èsúsú yín kò dùbúlẹ̀. Owó tó bá wọ inú aṣọ funfun àti aró ṣáájú ọdún Ọ̀ṣun yóò padà wá kí oṣù Kẹjọ tó parí, yóò sì mú èrè bọ̀. Èyí tó bá wọ ọrùn ọwọ́ yóò dúró síbẹ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè sọ fún yín pé kí ẹ kó ₦330,000 sílẹ̀ ní àsìkò yìí.

Ohun kan tún wà tí ọmọ yín lè má rò, òun sì ni iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀. Ọlọ́jà yóò sọ fún yín pé aago méjèèjì jẹ́ 5ATM, pé omi kò lè ran wọ́n. Omi lásán ni wọ́n fi dán an wò, nígbà tí ó wà ní tuntun. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe aago náà ló ń sọ pé agbára tí a fi ń dènà omi yìí máa ń dínkù bí ọjọ́ ṣe ń lọ, àti pé ọṣẹ àti kẹ́míkà ń jẹ ohun tó dí àlàfo ara aago. Bí ọṣẹ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni kọ́sítíìkì sódà inú ìkòkò aró kò ní ṣe? N kò rí aago kankan, tuntun tàbí àlòkù, tí mo lè ní kí ẹ wọ̀ sí ọwọ́ tó ń wọ inú aró, bí ẹ tilẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí pé aró a máa ta sókè, ojú aago kì í sì í gbọ́ràn sí ọmọ-ìka tó bá tutù. Ohun tí mo ti rí aláró kan ṣe ni pé ó fi bẹ́ńdì aago rẹ̀ kọ́ sára òpó tó wà níwájú ìkòkò rẹ̀, ní gíga ojú. Fóònù wà nínú yàrá, Bluetooth so méjèèjì pọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá pè, aago yóò tàn, yóò dún, orúkọ ẹni náà yóò sì hàn. Bí ó bá ṣan ọwọ́ tán, ó ti mọ ẹni tí yóò pè padà. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìrìn òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni aago yóò máa wà lọ́wọ́ yín, èyí sì tó fún kíka ìṣísẹ̀.

Tèmi ni pé kí ẹ ra Watch4 náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ₦90,000, kì í sì í ṣe láìdán an wò. Ẹ mú fóònù yín lọ, kí ẹ sì lọ ní ọ̀sán tí ọjà kò gbóná, kí ọlọ́jà lè fún yín ní wákàtí kan. Kí ó pa gbogbo ohun tó wà nínú aago náà rẹ́ lójú yín, kí ó sì so ó mọ́ fóònù yín pẹ̀lú àkáǹtì Google tiyín; bí aago bá béèrè fún àkáǹtì ẹlòmíràn, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ kí ó kún dé 100, ẹ wọ̀ ọ́ sọ́wọ́, ẹ máa rìn kiri inú ọjà, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín máa pè yín lórí rẹ̀, kí ẹ sì wo iye tó ṣẹ́kù lẹ́yìn wákàtí kan. Samsung ní aago yìí lè lò tó wákàtí 40 nígbà tí ó wà ní tuntun, nítorí náà, bí ó bá já ju bí 6 lọ nínú ọgọ́rùn-ún láàárín wákàtí kan, ó ti gbó ju bí ọlọ́jà ṣe sọ lọ. Ẹ fi ojú tó funfun sí orí rẹ̀ kí ẹ lè rí i bóyá òjìji aago àtijọ́ ti jó mọ́ ọn. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: gíláàsì ibẹ̀ kò gbọdọ̀ sán, ojú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ rú sókè ní ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí pé bátìrì tó wú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣájà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, èyí tó rí roboto tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì mú aago, nítorí pé okùn fóònù kò lè wọ̀ ọ́. Bí ó bá yege gbogbo èyí, ₦65,000 ni mo lè fọwọ́ sí, kí ọlọ́jà sì gbà pé ẹ lè dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá kọ̀, ẹ dúró di ẹ̀yìn ọdún Ọ̀ṣun. Nígbà náà, pẹ̀lú èrè àdìrẹ lọ́wọ́ yín, ẹ béèrè Watch6 tòkunbọ̀, èyí tó jáde ní 2023, kí ẹ tó tún wo páálí Watch7.

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú, akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN ni mí, mò ń gbé ní Òkè-Báálẹ̀. iPhone 11 ni mò ń lò. Ẹnìkan fẹ́ ta Apple Watch Series 4 fún mi, ẹlòmíràn fẹ́ ta Apple Watch SE ti 2022; tòkunbọ̀ ni méjèèjì, owó ti SE fi díẹ̀ lé. Ẹni tó ni Series 4 ní tòun ló dára jù nítorí pé ó ní ECG, ìyẹn ètò tó ń yẹ iná mànàmáná inú ọkàn wò, SE kò sì ní in. Mo fẹ́ máa fi wo bí mo ṣe ń sáré tó bí mo bá ń gbá bọ́ọ̀lù, kí n sì máa rí iṣẹ́ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí mi. Ṣé òótọ́ ló sọ?
Agbábọ́ọ̀lù, Òkè-Báálẹ̀

Àbúrò, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò wúlò fún ọ. Series 4 ti 2018 ni aago Apple àkọ́kọ́ tó ní ECG, SE 2022 kò sì ní in títí di òní. Àmọ́ nígbà tí Apple gbé watchOS 11, sọ́fítíwíà àwọn aago wọn, jáde ní 2024, wọ́n fi Series 4, Series 5 àti SE àkọ́kọ́ ti 2020 sílẹ̀ sẹ́yìn; SE ti 2022 wọlé. Ẹni tó bá ra Series 4 báyìí ń ra aago tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti jáwọ́ nínú rẹ̀, nítorí ohun kan tí ọmọ ilé-ìwé tó ń gbá bọ́ọ̀lù lè má lò lẹ́ẹ̀kan lóṣù. SE ni kí o rà.

Ṣùgbọ́n ohun tó lè mú ọ sunkún kì í ṣe èyí tí o bá yàn, bí kò ṣe ọ̀nà tí o bá gbà rà á. Gbogbo aago Apple ló ní títì kan tó so ó mọ́ àkáǹtì ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, bí o bá tilẹ̀ pa ohun gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, títì náà kò ní kúrò. Kí ẹni tó ń tà á yọ ọ́ kúrò lára iPhone tirẹ̀ lójú rẹ, kí o sì so ó mọ́ tìrẹ kí o tó san kọ́bọ̀. Bí ó bá ní òun ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà, tàbí pé ẹni tó ni ín wà ní London, má ṣe bá a jiyàn, kí o sì má rà á. Wọ inú ètò aago náà, lọ sí ibi bátìrì, wo ìlera rẹ̀: bí ó bá ti wà lábẹ́ 80, owó bátìrì ni kí o yọ kúrò nínú iye tí ó ń pè. Ohun kan ṣì kù. Aago Apple kì í bá fóònù Android sọ̀rọ̀ rárá, nítorí náà, bí o bá ní i lọ́kàn láti ta iPhone 11 yẹn kí o sì bọ́ sórí Android kí o tó jáde ilé-ìwé, kí o má ra aago Apple kankan.

Olóòtú, mo rí aago kan tí wọ́n ń polówó, ₦25,000, tuntun ni. Wọ́n ní bí ènìyàn bá wọ̀ ọ́, yóò máa sọ iye ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láìgún ọmọ-ìka. Mo ní ìtọ̀ ṣúgà, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa gún ara mi. Ṣé kí n rà á dípò aago olówó ńlá?
Bàbá Àgbà, Alékúwódò

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á fún ìyẹn. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ FDA tó ń ṣàmójútó oúnjẹ àti oògùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé àwọn kò tíì fọwọ́ sí aago tàbí òrùka kankan tó ń fúnra rẹ̀ wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìgún awọ, wọ́n sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá gba èsì irú aago bẹ́ẹ̀ gbọ́ lè lo oògùn ju bó ti yẹ lọ. Iná aláwọ̀ ewé tí mo sọ fún màmá aláró lókè yẹn ni ó wà lẹ́yìn aago tí ẹ rí. Ó lè ka lílù ọkàn, kò lè rí ṣúgà. Ó lè fi nọ́ńbà hàn yín, nítorí pé nọ́ńbà kò ṣòroó fi hàn. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹ̀rọ kékeré kan tí dókítà lè lẹ̀ mọ́ apá, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín wọ inú awọ. Irú ìyẹn lè fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù tàbí aago, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yẹn ló wo ṣúgà, kì í ṣe aago. Ẹ béèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà yín bí agbára bá gbé e. Ní báyìí ná, bó bá jẹ́ ọmọ-ìka kan náà ni ẹ ń gún lójoojúmọ́, ẹ máa yí i ká, kí ẹ sì máa gún ẹ̀gbẹ́ ìka dípò orí rẹ̀. Ìrora rẹ̀ yóò dínkù.